Aṣọ Tí Mo Kọ̀

"Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn." Òwe yìí ni ìyá mi fi ń polówó ọjà nígbà tí mo wà ní kékeré ní Gánmọ. Bó bá ti tẹ́ ẹní, tó to àǹkárá rẹ̀ lé orí ara wọn, á pa òwe náà, oníbàárà á rẹ́rìn-ín, ọwọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá etí ìró níbi tí owó wà. Ọ̀pọ̀ aṣọ ni ìyá mi fi òwe yìí tà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ aṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló fẹ́ fi fún un. Èmi ọmọ rẹ̀ ni.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Àpótí kan ló wá tú àṣírí mi. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, a sì jọ lọ gbá ilé tí ìyá mi fi sílẹ̀ ní Gánmọ. Mo wà níta tí mò ń bá kọ́lékọ́lé sọ̀rọ̀ nípa òrùlé tó ń jò, ni mo bá gbọ́ tó kígbe nínú yàrá.

"Dádì! Dádì! Ẹ wá wo nǹkan!"

Mo sáré wọlé, mo rò pé ejò ni. Àpótí onígi ìyá mi ló ṣí sílẹ̀. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Ọmọ mi gbé àǹkárá yáàdì mẹ́fà kan dání, aláwọ̀ aró tó ní pupa rúsúrúsú nínú, tí abẹ́rẹ́ kankan kò tí ì kàn.

"Ojúlówó Họ́láńdíìsì rè é o! Ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta irú èyí báyìí? Níbo ni Màmá ti rí i? Ta ló rà á fún?"

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ aṣọ náà dájú. Èmi ló rà á fún.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú oníṣòwò tí ìyá mi jẹ́. Gánmọ wà lójú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Àjàsẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà ti pínyà, tí ọ̀kan gba Ọ̀fà, tí èkejì gba Òmù-Àrán. Ìyá mi mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Ọjà tó bá pé lónìí ló ń ná. Ìlọrin ló ti ń ra ọjà. Bí ọwọ́ bá sì tẹ́jú, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wọ mọ́tò lọ sí Gbági n'Ìbàdàn. Àǹkárá nìkan ló ń tà. "Léèsì, aṣọ ọjọ́ kan ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Àǹkárá ni wọ́n fi ń lọ sóde, òun náà ni wọ́n fi ń pọn ọmọ, òun náà ni wọ́n fi ń bora bí ojú ọjọ́ bá tutù."

Ìyá mi kò lọ sí iléèwé. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé kan tó ń kà, ìwé náà ni etí aṣọ. Bí ọjà tuntun bá dé, á pè mí: "Àkànní, wá bá mi ka etí rẹ̀." Màá nà gbọọrọ níwájú rẹ̀, màá sì kà á: GUARANTEED DUTCH WAX. Kí n tó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta yìí ni mo ti mọ̀ wọ́n kà. Tí mo bá kà á tán, òun náà á wá ka tirẹ̀. Á yí aṣọ náà síwájú, á yí i sẹ́yìn, nítorí pé ojúlówó, bí ojú rẹ̀ ṣe rí ni ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Á fi àtàǹpàkò àti ìka ra á wò. Á gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà á wá wo àwọn ìlà tín-ín-tín kan tó sá káàkiri ara aṣọ bí okùn aláǹtakùn. "Ìlà yìí ni ẹ̀rí," ló máa ń sọ fún mi. "Irọ́ kì í ní irú ìlà yìí."

Ìgbà tí mo di oníwèé ìròyìn, tí wọ́n ní kí n kọ̀wé lórí àǹkárá, ni mo tó mọ ibi tí ìlà náà ti wá. Ní ọdún 1846, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pieter Fentener van Vlissingen dá ilé iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Ilé iṣẹ́ náà la mọ̀ sí Vlisco lónìí. Kì í ṣe àwa ni àwọn oníṣòwò Họ́láńdì kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Àwọn ará Jáfà, ní ilẹ̀ tó wá di Indonéṣíà, ni wọ́n fẹ́ máa tà fún. Ọwọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń ya ìda sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Òyìnbó wá fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀ kó lè pọ̀ kó sì dínwó. Àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ fi sára aṣọ dípò ìda a máa sán, aró a sì gba ojú ibi tó sán wọlé. Àwọn ará Jáfà ní àbùkù nìyẹn, àwọn kò fẹ́. Nígbà tó di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dé Gold Coast, tó di Gánà lónìí. Àwọn ìyá wa ní etí òkun níbí wo ojú ibi tó sán yẹn, wọ́n ní ẹwà ni. Ohun tí ìlú kan kọ̀ ni ìlú mìíràn fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n wá ń sọ aṣọ náà lórúkọ. Ní Gánà, ọ̀kan wà tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó dáa kì í pariwo. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ ọkọ mi gbọ́ bùkátà. Tí aṣọ bá ti ní orúkọ lẹ́nu obìnrin, ó ti tà tán. Ní Lomé ní Tógò, àwọn obìnrin tó ń ta Họ́láńdíìsì lówó tó bẹ́ẹ̀ tí ayé ń fi pè wọ́n ní Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn. Ìyá mi kò ní kẹ̀kẹ́, ká má tì í sọ Benz, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Lomé, ẹ ó rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Láti 1986 ni náírà wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Họ́láńdíìsì sì di ọ̀wọ́n gógó ní Lomé àti Kútọnu. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ojúlówó mọ́ ṣì fẹ́ kí ayé rí i pé òun wọ̀ ọ́. Àlàfo yẹn ni ayédèrú gbà wọlé. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Àwòrán kan náà, àwọ̀ kan náà, owó táṣẹ́rẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tiwa náà kò lè mí. United Nigerian Textiles ní Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964, ti ilẹ̀kùn ní 2007, ó di ìparí 2010 kí wọ́n tó tún un ṣí.

Etí aṣọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Màá kà á fún ìyá mi: GUARANTEED wà níbẹ̀, DUTCH wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ náà kò fojú kan Họ́láńdì rí. Ìyá mi á rà á láàárín ìka, á mi orí. "Ìwé ti ń parọ́ báyìí, Àkànní. Ọwọ́ ló kù."

Ọjọ́ kan wá dé tí ọwọ́ náà tàn án. Ọdún 1998 ni, ọdún tí mo jáde ní iléèwé gíga. Mo ti gba lẹ́tà pé kí n wá sí pólì, owó tí màá san sì wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹbí kan fẹ́ ṣe òkú bàbá wọn, wọ́n ní kí ìyá mi bá wọn wá aṣọ ẹbí ogójì ènìyàn. Ó ra ọjà náà lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ti ń bá ra ọjà bọ̀ láti ọdún pípẹ́. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti rán ẹnu ẹrù. Èyí tó wà lókè ló fọwọ́ kàn. Ojúlówó ni. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni kò rí.

Wọ́n wọ aṣọ, wọ́n sìnkú, wọ́n jó. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fọ aṣọ. Omi tó jáde pupa bí omi sobo. Ó di ọjọ́ kejì, obìnrin mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tí wọ́n gbé aṣọ tó ti di ràkọ̀ràkọ̀ dání. "Ìyá Aláǹkárá, ṣé ẹ̀yin náà ti ń ta ayédèrú ni?" Wọn ò pariwo o. Ì bá tiẹ̀ sàn kí wọ́n pariwo.

Ìyá mi padà lọ bá oníṣòwò náà. Ẹni yẹn ní bí wọ́n ṣe kó o fún òun lòun ṣe tà á. Ìyá mi wá ṣe ohun tí n kò dárí rẹ̀ jì í fún ọdún púpọ̀. Ó dá owó ogójì ènìyàn padà pátá, kò ku kọ́bọ̀. Owó pólì mi wà nínú rẹ̀.

Mo bá a jà lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe aṣọ náà. Orúkọ yín kọ́ ló wà létí rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa san án?"

Ó ní, "Àkànní, orúkọ ilé iṣẹ́ ló wà létí aṣọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ni wọ́n fi rà á."

N kò lọ sí pólì mọ́. Iṣẹ́ ni mo wá kiri. Ìyá mi náà kò tún rí owó tó lè fi kó ẹrù ńlá. Lẹ́yìn-ò-rẹ́yìn ó di ẹni tó ń ta èlùbọ́ àti gààrí, tó ń ta àǹkárá mẹ́ta mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayé náà sì ti ń kẹ̀yìn sí àǹkárá. Jíìnsì àti tíṣọ́ọ̀tù bosikọ́nà ló wà lójú ọpọ́n. Nínú ẹgbẹ́ wa, bí o bá wọ àǹkárá jáde, wọn á bi ọ́ bóyá ìyá rẹ ló jẹ́ kó o yá aṣọ òun wọ̀.

Ní 2003 ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn gbà mí. Inú ìyá mi dùn débi pé ó jó. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó wọ yàrá, ó gbé yáàdì mẹ́fà jáde: aláwọ̀ aró, pupa rúsúrúsú. Ọ̀kan tó kù nínú ojúlówó tó rà kó tó di pé ọjà bàjẹ́ ni. Ó ti fi pa mọ́ láti ọjọ́ yìí. "Mú un lọ fún télọ̀. Kó bá ọ rán bùbá àti ṣòkòtò. Èyí ni wàá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ẹ má bú mi o, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Ó wà lọ́kàn mi pé àwọn tó ní digírì ni mo fẹ́ lọ bá lọ́fíìsì. Mo ti ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì bosikọ́nà. Mo sì tún ń bínú owó pólì. Mo ní, "Ìyá, aṣọ àwọn màmá nìyẹn. Wọn á fi mí ṣẹ̀sín."

Ó wò mí. Ó tún aṣọ náà ká, ó fi ọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn ọmọ jòjòló. Ó ní, "Ó dáa. Aṣọ ò lẹ́sẹ̀. Ó máa dúró." Ó gbé e padà sínú àpótí, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ronú lórí ohun tó ń mú kí orúkọ aṣọ bàjẹ́, àti ohun tó ń tún un ṣe. Bí mo ṣe ń kàwé lórí rẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀nà méjì ni ìbàjẹ́ náà ń gbà wọlé.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ wo àdìrẹ Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti Gold Coast àti Sẹ̀nẹ̀gà ń wá rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwọn aláró wa ya irú kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́ba. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti gbé aró òyìnbó àti sódà dé, èyí tó yá ju ẹ̀lú àti omi eérú lọ. Ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lò dáadáa ń fi ba aṣọ jẹ́, ariwo àwọn oníbàárà sì sọ. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, àwọn aláró kan fárí gá, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1936. Nígbà tí ariwo yóò fi rọlẹ̀, ọjà ti fọ́. Ohun tó ṣe àdìrẹ ló ṣe àǹkárá ìyá mi: àwọn tó ba iṣẹ́ jẹ́ kò pọ̀ tó àwọn tó ṣe é dáadáa, àmọ́ orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Ọ̀nà kejì ni pé kí iṣẹ́ dáa, kí ojú ènìyàn yí kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún kan náà tí mo kọ aṣọ ìyá mi, irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú ọba. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Burberry, Thomas Burberry ló dá a sílẹ̀ ní 1856. Kóòtù òjò ni wọ́n fi gbajúmọ̀, aṣọ inú kóòtù náà sì ní ìlà dúdú, funfun àti pupa tó dábùú ara wọn lórí àwọ̀ iyanrìn. Àwọn olówó ló ń wọ̀ ọ́. Nígbà tó di ọdún 2000 lé díẹ̀, àwọn ọmọ tálákà àti àwọn jàǹdùkú orí pápá bọ́ọ̀lù gbé ìlà yẹn wọ̀, pàápàá fìlà rẹ̀. Kíá, àwọn gbajúmọ̀ sá. Àwọn ilé ọtí kan kò jẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ wọlé mọ́. Aṣọ náà ò ṣí o, kò sì ya. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ni wọ́n kórìíra. Ilé iṣẹ́ náà dẹ́kun títa fìlà yẹn ní 2004, wọ́n rọra fi ìlà náà pa mọ́ sínú kóòtù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 2017, àwọn kan náà gbé fìlà onílà náà padà fún àwọn arẹwà láti fi yan lójú agbo, àwọn olówó sì tún tò láti rà á.

Nígbà tí mo ka ìtàn yẹn, ojú tì mí. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kórìíra aṣọ nítorí tálákà tó wọ̀ ọ́. Èmi, ìyá mi ni tálákà tèmi.

Báwo wá ni orúkọ aṣọ ṣe ń padà? Ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́ gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ ṣe, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú ló yí kúrò, ṣíṣe dáadáa nìkan kò tó. Ó di ìgbà tí ẹni tó ní aṣọ mìíràn láti wọ̀ bá mú un, tó wọ̀ ọ́ jáde láì jẹ́ pé ìṣẹ́ ló mú un wọ̀ ọ́. Vlisco kò bá ayédèrú du owó pọ́ọ́kú. Láti nǹkan bí 2006 ni wọ́n ti yí ọwọ́ padà: wọ́n ń gbé àwòrán tuntun jáde lemọ́lemọ́ lọ́dún, wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ńláńlá, wọ́n ń ya fótò àwọn arẹwà tí wọ́n fi aṣọ náà dá oríṣiríṣi àrà. Nílé níbí, Lisa Folawiyo bẹ̀rẹ̀ Jewel by Lisa ní 2005, ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ àti nǹkan dídán ṣe àǹkárá lọ́ṣọ̀ọ́. Àdìrẹ náà kò kú, nítorí àwọn tí kò jẹ́ kó kú. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì tó wà ní Kwara tiwa kí wọ́n tó pín Kogí kúrò lára rẹ̀ ní 1991, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní aró nígbà tí ojú ayé kò sí lára rẹ̀. Ní 2017, Chimamanda Adichie, tó lè ra aṣọ ibikíbi láyé, ní aṣọ tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lòun ó máa wọ̀ jáde jùlọ.

Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, àǹkárá ti di aṣọ ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, àwọn ọmọ báńkì ń wọ̀ ọ́. Èmi náà bọ́ táì sílẹ̀. Ní 2009 mo ra ṣẹ́ẹ̀tì àǹkárá kan tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ní Ìlọrin, mo wọ̀ ọ́ lọ kí ìyá mi. Ó kí mi, ó yìn mí, ó wá fà mí mọ́ra, ó yí etí ṣẹ́ẹ̀tì náà síta, ó rà á láàárín ìka.

"Èló lo rà á?"

Mo sọ fún un. Ó pa àtẹ́wọ́.

"Ayédèrú ni, Àkànní." Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Gbogbo ara mi ló ń sọ pé kí n béèrè aṣọ inú àpótí yẹn. Ẹnu mi kò gbà á. Òun náà kò dárúkọ rẹ̀. Ní 2016 ó fi ayé sílẹ̀, n kò tí ì béèrè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó tì mí. Mo jẹ́wọ́ fún un pé ọ̀rọ̀ aṣọ kan ń dùn mí. Mo rò pé á ṣàánú mi. Ẹ̀rín ló bú sí. "Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún un nípa aṣọ àwọn màmá? Ó ti sọ fún mi tipẹ́. Ó ní gbèsè òun lo san fún òun. Ṣé kò sọ fún ọ pé òun náà kọ kíjìpá?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn ni. Àwọn obìnrin wa ní Ìgbómìnà ló máa ń hun ún nínú ilé, lórí igi ìhunṣọ tó dúró gbọọrọ lẹ́bàá ògiri. Ó lágbára bí awọ. Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n hun jù ní àdúgbò rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ hun kíjìpá tuntun kan fún un. Ìyá mi ní àǹkárá lòun ó wọ̀, pé kíjìpá, aṣọ àwọn ará oko ni. Àǹkárá tí mo fi ojú aṣọ àwọn màmá wò, òun ni aṣọ ọ̀dọ́ nígbà náà, òun ló sì lé kíjìpá kúrò lójú ọpọ́n.

Ìtàn yìí ni mo sọ fún ọmọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tó ṣí àpótí náà. N kò bo ọ̀kankan. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na etí aṣọ náà, ó kà á sókè, "Guaranteed Dutch Wax," ó wá bi mí bóyá òun lè fi rán aṣọ tí òun ó wọ̀ lọ́jọ́ tí òun bá parí yunifásítì.

Mo ní kó gbé e. Ó tọ́ sí i jù mí lọ. Òun ló rí i, tí ara rẹ̀ sì yá gágá kó tó mọ̀ pé mo ti kọ̀ ọ́ rí. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ kan: kí télọ̀ má gé lẹ́tà etí rẹ̀ sọnù.

Bó ṣe gbé e kúrò ni mo rí ohun tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Wọ́n ká a jẹ́jẹ́, wọ́n sì fi káńfọ̀ sí i bíi ti òkè. Kíjìpá ni. Ìyá mi kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò jù ú nù. Láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀ títí dọjọ́ ikú rẹ̀ ló ti ń bá ìyá rẹ̀ tọ́jú rẹ̀, láì sí ẹni tó béèrè rẹ̀, láì sí ìwé ìròyìn tó kọ nípa rẹ̀.

Ohun tí mo rí fà yọ nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí orúkọ aṣọ bá padà bọ̀ sípò, àwọn tó ránṣọ tuntun la máa ń yìn, àwọn arẹwà inú fótò la máa ń wò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọn kì bá rí nǹkan kan gbé padà bí kò bá sí àwọn tó di aṣọ náà mú nígbà tí ayé ń fi í ṣẹ̀sín: obìnrin tó dá owó ogójì ènìyàn padà, àti aláró tó kọ̀ tí kò fi sódà ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn ni iyì náà sá sí lọ́dọ̀. Wọn kì í sábà rí èrè rẹ̀ jẹ.

Ọmọ mi wo kíjìpá náà, ó fọwọ́ kàn án. "Dádì, èyí ti le jù. Ta ló máa wọ èyí báyìí?"

Mo ní kó bá mi gbọn eruku rẹ̀. Wọ́n ń sọmọ lórúkọ ní òdìkejì ilé wa lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, mo ká kíjìpá ìyá-ìyá mi lé èjìká, mo jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sábẹ́ ìbòòji wò mí, ọ̀kan gún èkejì ní ìgúnpá, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo kí wọn, mo sì kọjá.